Jíjẹ ẹja létí òkun ní Kent àti Essex: pọ́ọ̀bù wo, ilé oúnjẹ wo, kí la ó bèèrè fún?

Àbẹ̀kẹ́ Dartford

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àwọn òbí mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù Kẹjọ. Bàbá ti wá sí Lọ́ńdọ̀nù rí. Òkun ni wọ́n ń bèèrè báyìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó níbi tí atẹ́gùn òkun á ti máa fẹ́ sí àwọn lára, kí àwọn sì jẹ ẹja tí kò tíì wọ fíríìsà. Màmá ò fẹ́ kí ọtí kan oúnjẹ wọn rárá, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọ méjì la ó mú dání, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ẹja àti pòtétò díndín tí wọ́n ń tà ládùúgbò wa nìkan ni mo mọ̀. Níbo la lè lọ ká sì padà lọ́jọ́ kan náà? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ọmọdé wọ pọ́ọ̀bù? Kí ló yẹ ká bèèrè fún tí a bá jókòó? Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí owó rẹ̀ kò ga jù ni kí ẹ dárúkọ.

Ọmọ Ìlàjẹ, Gillingham

Àbúrò, Whitstable ni. Láti Dartford, ẹ wọ rélùwéè tó ń lọ sí Rainham ti Kent, ẹ sọ̀ ní Chatham, ẹ wá wọ èyí tó ń lọ sí Ramsgate. Láti ibùdókọ̀ Whitstable dé etí omi, ẹni tí ara rẹ̀ le á rìn ín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n nítorí orúnkún Màmá, ẹ gba takisí.

Ìlú apẹja ni láti ayébáyé. Èbúté rẹ̀ ti wà láti 1832, ọkọ̀ apẹja ṣì ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ títí dòní, wọ́n sì ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Oyster, ẹran òkun tó ń gbé inú ìkarahun, ló sọ ìlú náà di olókìkí, irú méjì ló sì wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní native, ìkarahun rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì rí roboto. Láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kẹrin ni wọ́n ń jẹ ẹ́, torí ìgbà ooru ló máa ń bímọ, ara rẹ̀ á wá funfun, á rọ̀, adùn rẹ̀ á sì dínkù. Èkejì ni rock. Ìkarahun tirẹ̀ gùn, inú rẹ̀ jinlẹ̀, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun. Òkun Pàsífíìkì ni orírun rẹ̀, wọ́n gbé e wá síbí láti máa sìn ín, a sì ń rí i jẹ yíká ọdún. Lóṣù Kẹjọ, rock ni ẹ ó bá. Ẹni tó bá sọ pé native ni òun ń tà nígbà yẹn, ẹ bi í ibi tó ti rí i.

Mo fẹ́ kí Bàbá dúró wo bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ọ̀bẹ kúkúrú kan tó nípọn ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi aṣọ di oyster mú, wọ́n á ti ṣónṣó ọ̀bẹ bọ ẹ̀yìn níbi tí ìkarahun méjèèjì ti so pọ̀, wọ́n á yí ọrùn ọwọ́, á dún pọ́. Wọ́n á wá fi ojú ọ̀bẹ gé iṣan tó so ó mọ́ ìkarahun òkè, láìjẹ́ kí omi inú rẹ̀ dànù, torí omi òkun yẹn ni iyọ̀ rẹ̀. Lẹ́mọ́ọ̀nù díẹ̀, ata olómi díẹ̀, ó di ọ̀nà ọ̀fun.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí àwọn òbí yín jẹ ẹ́ láìsè o. Inú omi tí oyster ń sẹ́ ló ti ń jẹun, ohunkóhun tó bá sì wà nínú omi náà á kù sí i lára, títí kan kòkòrò norovirus tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Àgbàlagbà, aboyún, ọmọdé, àti ẹni tí àìsàn ti bá ara rẹ̀ jà, èyí tí wọ́n yan tàbí tí wọ́n sè dáadáa ni kí wọ́n jẹ. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ibẹ̀ ló ń yan án pẹ̀lú bọ́tà àti áyù.

Ìyá Ìbejì, Basildon

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ fún un pé òkúta ni etí òkun Whitstable. Kò sí iyanrìn níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ni. Orúnkún Màmá kò ní fẹ́ràn ẹ̀. Owó ibẹ̀ náà sì ti gòkè gan-an lọ́jọ́ ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà Essex. Leigh-on-Sea kò jìnnà, rélùwéè c2c láti Fenchurch Street máa ń gbé yín débẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ó sì ń gba Barking kọjá. Tó bá jẹ́ mọ́tò lẹ fẹ́ gbé gba orí odò ní Dartford, ẹ má gbàgbé láti san owó afárá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aago méjìlá òru ọjọ́ kejì tó lù. Àwọn tó gbàgbé, ìwé ìtanràn ló máa ń bá wọn nílé.

Apá ìsàlẹ̀ ìlú tí wọ́n ń pè ní Old Leigh ni kí ẹ lọ. Ọ̀nà tóóró kan ni, rélùwéè wà lẹ́yìn rẹ̀, omi wà níwájú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se cockles tí ọkọ̀ ń kó wá láti ẹnu odò Thames. Wọ́n á sè é, wọ́n á gbọ̀n ọ́n kúrò nínú ìkarahun, wọ́n á bù ú sínú ike kékeré fún yín. Fínígà àti ata funfun ló ń wà lórí tábìlì. Ẹ wọ́n ọn sí i, ẹ fi fọ́ọ̀kì onígi kékeré máa gún un jẹ. Ìyá mi tó dàgbà sí ẹ̀bá odò ní ó jọ ìṣáwùrú tí wọ́n ń jẹ nígbà èwe wọn, àfi pé iyọ̀ tiẹ̀ ju ti odò lọ. Owó kékeré ni, ẹ lè ra oríṣiríṣi, kí olúkúlùkù tọ́ ọ wò kí ẹ tó pinnu oúnjẹ gidi. Whelks wà níbẹ̀ náà, ìgbín inú òkun ni, ó le lẹ́nu, ẹni tí eyín rẹ̀ kò dá ṣáṣá kó fi sílẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Tí omi bá fà, ẹrẹ̀ lásán ni ẹ ó máa wò títí dé ibi tí ojú lè rí. Ẹ wo àkókò ìkún omi fún ọjọ́ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, kí Bàbá lè rí òkun tí wọ́n wá wò. Southend wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ní afárá gígùn tó wọ inú omi lọ ní ohun tó ju kìlómítà méjì lọ, rélùwéè kékeré sì wà lórí rẹ̀ tó máa gbé Màmá dé ìparí láì rin ìgbésẹ̀ kan.

Àbẹ̀kẹ́ Dartford

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, sà. Ṣé mo lè kó ata gígún dání? Bàbá kò lè jẹ oúnjẹ òyìnbó láìsí ata.

Ọmọ Ìlàjẹ, Gillingham

Kó o dání. Ní ibi tí wọ́n ti ń ta cockles, kò sẹ́ni tó máa wò yín. Nínú ilé oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ata olómi Tabasco, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí wọ́n ti ń ta oyster tí kò sí. Tí kò bá tó Bàbá, ẹ rọra yọ ìgò yín.

Kúùkù Margate

Ẹ kú àdúgbò o. Inú kíṣìnì pọ́ọ̀bù etí òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ nínú ilé.

Ní ọ̀pọ̀ pọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó máa wá bá yín nídìí tábìlì láti béèrè ohun tí ẹ ó jẹ. Ẹ wá àyè jókòó, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára tábìlì, kí ẹnì kan nínú yín lọ sí káńtà, kó sọ nọ́ńbà náà, kó pe oúnjẹ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan, kó sì sanwó. Wọn á gbé oúnjẹ wá bá yín. Mo ti rí ìdílé ará wa tó jókòó jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń retí, tí wọ́n rò pé wọ́n ń fojú pa àwọn rẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n. Ọmọdé lè wọlé bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ní aago tí kò fẹ́ rí ọmọdé mọ́ lálẹ́, nítorí náà ẹ pè wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Kíṣìnì máa ń ṣí láti aago méjìlá ọ̀sán dé nǹkan bí aago mẹ́ta, wọ́n á tì í, ó di nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tún ṣí i, ó sì ń parí ní nǹkan bí mẹ́sàn-án. Láàárín méjèèjì, ilẹ̀kùn pọ́ọ̀bù lè ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọtí ń lọ, àmọ́ oúnjẹ kò sí. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ẹja ni kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun. Tí ẹ bá ti gba àyè sílẹ̀ fún aago kan ọ̀sán, kí aago kan bá yín níbẹ̀. Wọ́n lè fi tábìlì yín fún ẹlòmíì lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn míì á sì gé owó lára káàdì tí ẹ fi gba àyè. Ẹ gba àyè o, pàápàá lóṣù Kẹjọ tí àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní ìsinmi.

Ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń gba àyè pé ẹ fẹ́ tábìlì tí kò ní àtẹ̀gùn àti ibi tí ajá kò sí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Pọ́ọ̀bù etí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ló ń gba ajá wọlé, ajá ńlá tó ti wọnú omi á wá gbọn ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Màmá tó wá láti Ìbàdàn kò ní gbádùn ìyẹn.

Wàyí o, ẹja. Bí Bàbá bá ń fẹ́ ẹja tí kò tíì wọ fíríìsà, kí wọ́n má ṣe bèèrè cod. Èyí tó pọ̀ jù nínú cod tí a ń dín ní ilẹ̀ yìí, òkun Iceland àti Norway ló ti ń wá, inú ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di yìnyín. Ẹja tó dára ni, mo ń sè é lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja etí òkun tí ẹ jókòó sí. Irú ẹja yìí kan náà ni wọ́n ń sá gbẹ lójú afẹ́fẹ́ ní Norway tí ó ń wọ ọjà wa nílé ní panla líle tí a ń fi se ọbẹ̀. Bàbá ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́.

Ẹ wo pátákó dúdú tó wà lára ògiri tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sí. Ohun tó ń yí padà lójoojúmọ́ ló ń wà níbẹ̀, ìwé oúnjẹ tí wọ́n tẹ̀ ní kì í yí padà. Ẹ wá bi ẹni tó wà ní káńtà pé, "Ẹja wo ló gúnlẹ̀ láti ìhín?" Bí kò bá mọ̀, kó wọlé wá bi wá. Inú wa máa ń dùn sí ìbéèrè yẹn, torí ẹni tó béèrè á mọyì ohun tí a bá gbé jáde. Ẹ lè gbọ́ plaice, ẹja pẹrẹsẹ tó ní àmì aláwọ̀ ọsàn tótòtó lẹ́yìn. Ẹ lè gbọ́ Dover sole, apá skate, sea bass, tàbí mackerel, tí í ṣe ẹja Títù gan-an tí a mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yan án lódindi pẹ̀lú egungun. Ẹran tó wà lẹ́bàá egungun ló dùn jù, òyìnbó púpọ̀ kì í bèèrè fún un bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti sọ ọ́.

Akàn náà, ẹ bèèrè rẹ̀ gan-an. Tí wọ́n bá kọ dressed crab, wọ́n ti bá yín yọ ẹran rẹ̀, wọ́n tò ó padà sínú ìkarahun, funfun lápá kan, àwọ̀ ilẹ̀ lápá kejì. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ ló ní adùn tó wọ̀ wá lára. Lobster ní tirẹ̀, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, wọ́n sì lè má kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè iye tí èyí tí wọ́n fẹ́ sè fún yín máa jẹ́ kí wọ́n tó gbé e sórí iná.

Bàbá Tóbi, Hastings

Kúùkù, o kú iṣẹ́. Mo fi ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ pátákó yẹn.

Tí ẹ bá lè fara da ìrìn tó gùn díẹ̀ sí i, ẹ wá sí Hastings. Kò sí èbúté níbí. Àwọn apẹja ń fa ọkọ̀ wọn gun orí òkúta etí òkun, ni wọ́n ń tì í padà sómi. Kò sí ibòmíì ní Yúróòpù tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó ti ibí. Ẹ ó rí àwọn ilé onígi dúdú gíga tóóró tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí láyé àtijọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Rock-a-Nore, àwọn ilé ìtajà ẹja sì wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi ojú ara yín yẹ ẹja wò. Ojú ẹja tútù gidi á mọ́ roro, á yọ síta díẹ̀, kò ní ṣe bàìbàì. Ẹ ṣí ìdérí etí rẹ̀, pupa gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ẹran rẹ̀, kó ta padà. Òórùn òkun ni kó máa run, kì í ṣe òórùn ẹja.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹyẹ funfun ńlá tó ń fò káàkiri. Ẹ̀yìn lá máa ń gbà wá, á sì já ẹja gbà lọ́wọ́ ọmọdé kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹ̀yìn ti ògiri tí wọ́n bá ń jẹun níta. Ẹ má ṣe sọ̀kò sí i, òfin 1981 tó ń dáàbò bo ẹranko igbó kan òun náà.

Alhaja, Thamesmead

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o ní ọtí kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ ìyá rẹ. Fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibi tí wọ́n ń fi ọtí pamọ́ sí nínú oúnjẹ ẹja pọ̀.

Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń dín ẹja, ọ̀pọ̀ pọ́ọ̀bù ló ń fi bíà pò ó. Wọ́n máa ń kọ beer batter sára ìwé oúnjẹ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kọ ọ́, ẹ béèrè. Mussels, oníkarahun inú òkun, wáìnì funfun tàbí sáídà ni wọ́n sábà fi ń sè é, ẹ lè ní kí wọ́n fi tòmátì àti áyù nìkan se tiyín bí wọ́n bá ń sè é lẹ́yìn tí ẹ bá ti pè é. Scallops, oníkarahun mìíràn, wọ́n fẹ́ràn láti gbé e ka orí black pudding, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni ìyẹn. Ọbẹ̀ ẹja olómi wàrà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ní ilé ẹja díndín, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja lè jọ wọnú epo kan náà, àwọn mìíràn sì ń fi ọ̀rá màlúù dín, pàápàá lápá àríwá. Nínú mazhab Mọ́líkì, ìlànà òfin Ìsìláàmù tí àwa ń tẹ̀lé nílé, ohun tí ó bá jáde látinú òkun tọ́ fún wa, akàn àti edé wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ohun tí wọ́n fi sè é ni ẹ ó máa bi wọ́n.

Ẹja yíyan pẹ̀lú bọ́tà, lẹ́mọ́ọ̀nù àti pòtétò sísè ni mo sábà máa ń jẹ. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ sí i.

Kúùkù Margate

Alhaja, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mo tún fẹ́ fi kún un: tí ẹnì kan nínú yín bá ní ohun tí ara rẹ̀ kò gbà, ẹ sọ ọ́ ní káńtà kí ẹ tó pe oúnjẹ. Òfin ní dandan ni kí a lè sọ fún yín bí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rìnlá bá wà nínú oúnjẹ, ẹja, edé àti àkàn, àti àwọn oníkarahun bíi mussels wà lára wọn. Bí ẹ bá ń jẹ mussels, èyí tí kò bá là lẹ́yìn tí wọ́n sè é, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ mú ìkarahun àkọ́kọ́ tí ẹ jẹ tán, ẹ máa fi fún ẹran inú àwọn tó kù yọ, àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn ìyẹn.

Omi ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni níbikíbi tí wọ́n bá ti ní ìwé àṣẹ láti ta ọtí ní England, ẹ sáà ti béèrè rẹ̀. Owó iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi kún bíìlì, tó sábà ń jẹ́ 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹwàá 2024, òfin ti sọ pé gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́. Ní pọ́ọ̀bù tí ẹ ti sanwó ní káńtà, kò sẹ́ni tó ń retí ohunkóhun.

Ìyá Ìbejì, Basildon

Jákẹ́ẹ̀tì o! Oṣù Kẹjọ ni lóòótọ́, atẹ́gùn etí omi kò mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Dartford

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Alhaja, ẹ ṣeun, màmá. Mo ti pinnu: Leigh la ó lọ ní ọjọ́rú, a ó ti débẹ̀ kí aago méjìlá tó lù, mo ti wo àkókò ìkún omi. Ìbéèrè kan ló kù. Màmá fẹ́ ra ẹja lọ sílé láti fi se ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ṣé ó máa dé Dartford láìbàjẹ́?

Ọmọ Ìlàjẹ, Gillingham

Á dé. Ẹ gbé kúlà dání, ẹ bẹ ẹni tó ń ta ẹja kó fi yìnyín wẹ́wẹ́ sí i fún yín, wọ́n kì í sọ pé rárá. Ẹ rà á nígbà tí ẹ bá fẹ́ máa padà bọ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n á bá yín ha ìpẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì kó ìfun rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà tó gbé ọ̀bẹ, kí Màmá sọ fún un pé òun fẹ́ orí rẹ̀ àti egungun rẹ̀, kó gé e ní gígé ọbẹ̀. Tí wọ́n bá dákẹ́, á ṣe é bó ṣe ń ṣe é fún àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù, ẹran lásán ló máa dì fún wọn, orí á wọ garawa ìdọ̀tí. Ẹ béèrè bóyá orí cod tàbí ti sea bass tí ẹlòmíì kọ̀ sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, nígbà míì wọn kì í gba nǹkan kan.